Wíńtà Kì Í Ṣe Ọyẹ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Peckham, London, ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, ọjọ́ 10 oṣù Jánúárì

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru gba ibí wá tààrà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí oorun bá gbé yín lọ, ẹ jẹ́ kó gbé yín. Èmi náà mọ ohun tó ń jẹ́ ṣífù.

Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wù mí. Ohun tó wù mí ni ọjọ́ 27 oṣù Dìsẹ́ḿbà.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ná. Kò sí ohun tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro. Ẹni tó ń roko, àroko bọ́dún dé. Òjò rọ̀, ẹ kú òjò. Òtútù mú, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ọyẹ́ dé, ẹ kú ọyẹ́. Ọdún ń bọ̀, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 27, tí àlejò ti lọ, tí a ti fọ ìkòkò tán, tí àwọn ọmọ ti padà sí ilé tiwọn, tí aago mẹ́rin ò tíì lù tí ìta ti ṣú, tó wá ku ìwọ àti hítà tí ẹ jọ ń wo ara yín, kí la fi ń kí ara wa? Ọ̀rẹ́ mi kan kí mi lọ́dún tó kọjá pé "ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Mo ní, òkú ta la sin?

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ọdún 19 rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ọjọ́ Kérésì nìkan ni ọkọ̀ èrò kì í ṣiṣẹ́ ní London, bọ́ọ̀sì kò ní jáde, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò ní jáde, ìlú á pa lọ́lọ́. Ní Boxing Day, a ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọdún ṣe ń rí lára àwa ènìyàn wa, kó gba Peckham High Street kọjá ní ọjọ́ 22 Dìsẹ́ḿbà, kó tún gba ibẹ̀ ní ọjọ́ 28. Lọ́jọ́ 22, iṣu ni, pánla ni, páálí tòmátò ni, màmá kan á gbé tolótoló dídì sórí itan bí ẹni gbé ọmọ, epo á máa jò sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì mi, èmi á sì máa pariwo. Lọ́jọ́ 28, ariwo yẹn á máa wù mí gbọ́.

Lọ́jọ́ 28 kan báyìí, ìyá kan wọlé ní New Cross. Ó fi páàsì àgbà rẹ̀ kan ẹ̀rọ, ó jókòó sí àga iwájú pátápátá, báàgì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. A dé Camberwell, kò sọ̀. A dé Victoria, kò sọ̀. Nígbà tí a dé ìparí ọ̀nà ní Queen's Park, mo ní, "Màmá, ibí la máa ń dé o." Ó ní, "Mo mọ̀. Mo máa bá ẹ padà ni." Mo bi í pé ṣé kò sí. Ó ní, "Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Ilé dákẹ́ jù ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí mo rò ó dé nìyí: ọyẹ́ ni a mọ̀, a ò mọ wíńtà. A sì ń lo wíńtà bí ẹni ń lo ọyẹ́.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé àlejò ni ọyẹ́ jẹ́ ní Èkó, onílé ló jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń kó eruku bọ̀, ó á gbẹ háúháú, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán. Ní ìdájí a ó dá iná sẹ́yìnkùlé, a ó yí i ká, òrí á wà nínú igbá, kálukú á máa fi pa ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn àgbà nígbà náà kò ju méjì lọ. Èkíní, ẹ ti fèrèsé pa kí eruku má wọlé. Èkejì, ẹ dúró de oòrùn. Tí aago mọ́kànlá bá fi máa lù, oòrùn á ti gorí ìtẹ́, ẹni tó daṣọ bora láàárọ̀ á ti bọ́ra dé ìbàdí.

Ìmọ̀ràn méjèèjì yìí la dì mọ́ ẹrù wọ ọkọ̀ òfuurufú. Méjèèjì ló sì ń ṣe wá léṣe níbí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí fèrèsé, nítorí pé òun ló jẹ mí níyà jù. Wíńtà àkọ́kọ́ témi àti ìyàwó mi jọ lò, yàrá kan là ń gbé nítòsí Old Kent Road, ọmọ wa kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Lókè fèrèsé yẹn, ihò tóóró kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Mo rò pé kápẹ́ńtà ló gbàgbé láti dí i. Mo ra téèpù, mo ká ìwé ìròyìn, mo dí i pinpin, mo sì dúró sẹ́yìn mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni kọ́ ilé. Yàrá gbóná. À ń se ọbẹ̀ nínú rẹ̀, à ń sá aṣọ ọmọ sórí hítà nínú rẹ̀, àwa mẹ́ta ń mí nínú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, torí ọdún ti tán, kò sí ibi tí à ń lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún, mo jí, mo rí omi lójú gíláàsì. Kì í ṣe kékeré. Ó ń kán tótó, ó ń ṣàn wálẹ̀, ó ti gún sójú pákó ìsàlẹ̀ fèrèsé, pákó náà ti wú. Mo ní òjò ló jò wọlé. Ìyàwó mi fi táwẹ́ẹ̀lì ọmọ nù ún, ó fún un sínú abọ́, ó tún nù ún. Lọ́jọ́ kejì, omi tún ti padà. Báyìí ló ṣe ń nù ún lójoojúmọ́ wọ oṣù Jánúárì, títí tó fi di ọjọ́ tó fa àpótí aṣọ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú síta. Sányán tí màámi hun fún ìgbéyàwó wa ló wà nínú ẹ̀. Ó ṣí i, ó dákẹ́. Mo sún mọ́ ọn. Àmì dúdú wínníwínní ló bo etí aṣọ náà, bí ìgbà tí ènìyàn wọ́n ata gígún sí i, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ilé tí wọ́n ti tì pa láti ọjọ́ pípẹ́. Aṣọ ti bu. Ògiri ẹ̀yìn àpótí náà ti bu.

A pe onílé. Onílé wá, ó fa imú, ó ní ọbẹ̀ wa ló fà á. Ó bí mi nínú gan-an. Ohun tó tún wá bí mi nínú jù ni pé nígbà tí mo wádìí, òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀.

Ìrì ni. Ìrì kan náà tó ń sẹ̀ sórí koríko lóru ló ń sẹ̀ sójú gíláàsì wa. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná lè ru omi púpọ̀, tó bá ti wá kan ohun tútù, kò lè rù ú mọ́, á sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Èémí wa, ooru ọbẹ̀, aṣọ tútù tí a sá, gbogbo rẹ̀ ló ń di omi inú afẹ́fẹ́. Gíláàsì ló tutù jù nínú yàrá, ògiri ẹ̀yìn àpótí ló tẹ̀ lé e. Ihò tí mo dí yẹn ni wọ́n dìídì ṣe kí omi yìí lè rí ọ̀nà jáde. Nígbà ọyẹ́, ìta ni ọ̀tá wà, ìdí nìyẹn tí a fi ń tilẹ̀kùn. Níbí, inú ilé ni ọ̀tá ń gbé, àwa fúnra wa la sì ń tì í mọ́lé.

Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé afẹ́fẹ́ wíńtà tó dà bí ẹni pé ó rin gbindin yẹn, omi díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó wọlé, tí ó sì gbóná, gbígbẹ ló máa gbẹ. Nítorí náà, ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, àti lẹ́yìn tí ẹ bá sebẹ̀. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ fa àpótí àti wọ́díróòbù kúrò lára ògiri ìta díẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ta ló ń mú ìta gbóná? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi káàdì ra iná àti gáàsì, mo mọ bó ṣe ń rí tí owó inú mítà bá ku ọgọ́rin pẹ́nì ní alẹ́ Sunday. Ofgem, àwọn tó ń fi ààlà sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ wa, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń yí ààlà náà padà, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 1 Jánúárì gẹ́lẹ́, nígbà tí àpò gbogbo wa ti jò tán. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó láti mú kí ògiri àti àga tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá nìkan ló ń pààrọ̀. Èyí tó léwu ni kí ènìyàn pa hítà pátápátá nítorí owó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí inú ilé má tutù ju ìwọ̀n 18 Celsius lọ, àgàgà níbi tí ọmọdé àti arúgbó bá wà.

Ó tó lórí fèrèsé. Ó ku oòrùn.

Ọdún keje tí mo dé ìlú yìí ni màámi wá kí wa, wọ́n sì bá wíńtà níbí. Mùsùlùmí ni wọ́n, kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti jẹ tolótoló Kérésì. Ní ọjọ́ kejì Boxing Day, wọ́n kí Àìlà lẹ́yìn aago méjìlá. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun. Mo ní, "Màámi, Làásárì ti tó o." Aago méjì kò tíì lù. Wọ́n wò mí, wọ́n dìde, wọ́n kí i. Wọ́n tún jókòó, wọ́n ń bá ọmọ ṣeré. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ìta ti ṣú. Wọ́n ní, "Ṣé òjò fẹ́ rọ̀ ni?" Mo ní, "Rárá o, Mọ̀gàríbì ni." Wọ́n fi ọwọ́ lérán. "Àkànní, ta ló ń lé oòrùn yín?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ẹ wò ó, ní Èkó, nínú oṣù Dìsẹ́ḿbà, ojúmọ́ gùn ju wákàtí mọ́kànlá àbọ̀ lọ. Ní London, kò pé mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Glasgow, tiwọn kò ju nǹkan bíi méje lọ. Àní tó bá yọ náà, kì í gòkè. Ní ọ̀sán gangan, tó yẹ kó wà ní àtàrí ènìyàn, orí òrùlé àwọn ará òdìkejì ló máa ń rìn gba ibẹ̀ kọjá, òjìji ènìyàn á gùn bíi ti òpó iná. Oòrùn báyìí ni àwa ń dúró dè kó wá mú ilé gbóná ká tó jáde. A ó jí ní aago mẹ́wàá torí pé ìsinmi ni, a ó wẹ̀, a ó jẹun, a ó ní "ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀ ná." Kò ní móoru. Ìgbà tí a bá fi máa wọ kóòtù tán, ó ti lọ.

Ara sì ń mọ̀ ọ́n lára. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Norman Rosenthal. Johannesburg ló ti wá, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1976, ó sì ṣàkíyèsí pé bí wíńtà bá ti dé, agbára òun á lọ sílẹ̀, bí oòrùn bá padà, agbára á padà. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwádìí jáde, wọ́n fún ìrẹ̀wẹ̀sì yìí lórúkọ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ọmọ Áfíríkà ni o, bó tilẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Ẹni tó mọ oòrùn ló tètè mọ̀ pé oòrùn sọnù. Àwa máa ń sọ pé "ara mi kàn ń ro mí" tàbí "ó dà bíi pé ayé ń ṣe mí." Mi ò ní ayé kì í ṣe ènìyàn. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ jáde síta ná. Ìta tí ìkúukùu bò pàápàá mọ́lẹ̀ ju pálọ̀ tí a tan gbogbo iná rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ojú ló ń tàn wá. Iná pàtàkì kan wà tí wọ́n ń jókòó sí iwájú rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀. Ẹni tí ojú ń dùn tàbí tó ń lo oògùn, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ìbànújẹ́ náà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí oúnjẹ kò wọ ẹnu mọ́, dókítà ni kí ẹ lọ rí, kì í ṣe àìsùn àdúrà nìkan.

Ọ̀rọ̀ fítámì D, ẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì wa: 10 máíkírógíráàmù lóòjọ́. Gbogbo ará ìlú yìí ni wọ́n ní kó rò ó láti lò ó ní ìgbà òtútù. Àwa tí àwọ̀ wa dúdú, wọ́n ní ká rò ó yípo ọdún, torí pé àwọ̀ tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn Ìṣẹ́yìn ló ń dí oòrùn Peckham lọ́wọ́. Mo kọjá níbẹ̀.

Màámi kò mọ̀ nípa Rosenthal. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n já ìwé àkókò ìrun tí mọ́ṣáláṣí fún wa, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ mi. Lójoojúmọ́ wọ́n á fa ìlà sábẹ́ àkókò Mọ̀gàríbì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù Jánúárì, wọ́n pè mí sí ìdánà. "Àkànní, wá wò ó. Mọ̀gàríbì ń sún síwájú. Ìdájí kò kúrò lójú kan." Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ọdún méje ni mo ti ń gbé ìlú yìí, mo ti ń jí lọ gbé bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn, mi ò mọ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run ní bẹ́ẹ̀ ló rí: ọjọ́ 21 tàbí 22 Dìsẹ́ḿbà ni ojúmọ́ kúrú jù, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 12 ni oòrùn ti ń tètè wọ̀ jù, ìgbà tí ọdún tuntun bá sì ń wọlé ló ń pẹ́ yọ jù. Nítorí náà, ní àwọn ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an tí a ń sọ pé òkùnkùn fẹ́ pa wá, ìrọ̀lẹ́ ti ń gùn. Àárọ̀ ló ń purọ́ fún wa.

Mo tún fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún àwọn tó gbà pé ìjókòó sílé jẹ́ ọ̀lẹ. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́, ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi ń ṣe Kérésì. Ọjọ́ 7 Jánúárì ni àwọn obìnrin wọn ń padà sídìí òwú rírán, wọ́n tilẹ̀ ń fi ẹ̀fẹ̀ pè é ní ọjọ́ Saint Distaff, bí ẹni pé igi ìrànwú di ẹni mímọ́. Àwọn ọkùnrin, ó di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ 6, wọ́n á wá wọ́ ohun èlò ìtúlẹ̀ káàkiri ìlú, wọ́n á máa tọrọ owó. Mo sọ èyí fún màámi, ẹni tó ti ran òwú tó ti hun aṣọ láti kékeré. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Àṣé wọ́n ti fìgbà kan lọ́gbọ́n lórí." Àwọn àgbẹ̀ tiwa náà ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣu ti wọ àká, ilẹ̀ ti le, wọ́n á tún òrùlé ṣe, wọ́n á lọ dẹ ìgbẹ́, alẹ́ á di ti àlọ́.

Ayò ni màámi gbé wá nínú báàgì wọn, ọpọ́n oníhò méjìlá, ọmọ ayò 48. Láàárín Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n á máa na ọmọ mi lẹ́yìn méjì-méjì. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tí à ń gbọ́ nínú ilé yẹn ni kó, kó, kó ọmọ ayò nínú ihò, àti màámi tí wọ́n ń sọ pé, "O ò ka ilé ẹ kó o tó jẹ." Ilé dákẹ́, kò sí ẹni tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì jáde.

Èyí mú mi padà sọ́dọ̀ ìyá tó bá mi dé Queen's Park. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ yìí. Ọdọọdún, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Kérésì la máa ń ṣe àríyá wa. Lọ́sẹ̀ yẹn, ilé ta ni ìkésíni mẹ́ta kò sí? A ń lọ sí tiwa pẹ̀lú ikùn tó ti kún. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ gbé e sí ọjọ́ 28. Kì í ṣe alẹ́ o, ọ̀sán. Aago méjìlá sí mẹ́ta, kí àwọn ìyá wa lè rí ojú oòrùn lọ, kí wọ́n tún rí i díẹ̀ bọ̀. Kò pọn dandan ká ra nǹkan kan. Ẹran tó wà nínú fíríìsà kálukú wa tó bọ́ gbogbo Southwark. Mo mọ̀ pé akápò ti ń wò mí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nípàdé.

Màámi wà ní Ìṣẹ́yìn báyìí. Ọyẹ́ ń fẹ́ wọn. Gbogbo oṣù Jánúárì ni wọ́n máa ń pè mí, wọn kì í béèrè òtútù, wọn kì í béèrè owó. "Mọ̀gàríbì yín di mélòó?" Wọ́n pè láàárọ̀ yìí. Mo ní, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Wọ́n ní, "Ó ti rìn."

Aago ogiri yẹn ń sọ pé mẹ́ta ti lù, ó lé ogún ìṣẹ́jú. Mo ní ojú ìwé méjì sí i níbí, ṣùgbọ́n mo máa pa wọ́n dé. Ẹ wọ kóòtù yín, ẹ bá àwọn àgbà mú fìlà wọn. Ẹ̀yin tó wà nítòsí fèrèsé, ẹ ṣí i kí a tó jáde, ìrì ti ń sẹ̀ lójú gíláàsì.